Faransé Lẹ́nu Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Èdè Nínú Ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́

Ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ jẹ́ ìwé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni máa ń há sórí nítorí ìdánwò, ṣùgbọ́n tí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni kà á gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ìwé lítíréṣọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé ni òun náà. Ó ní òǹkọ̀wé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkọ̀wé náà fi ara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ ìjọba. Ó ní ohùn. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yàn láàyò. Ó sì ní ohun tí ó dákẹ́ lé lórí. Láti ọdún 1977 tí ó ti kọ́kọ́ jáde ni a ti ń tún un kọ: ní 1981, ní 1998, ní 2004 àti ní 2013. Apá tí ó sọ̀rọ̀ èdè nínú rẹ̀ kò gùn rárá. Síbẹ̀, àwọn gbólóhùn díẹ̀ náà ni ó ń pinnu èdè tí olùkọ́ yóò fi la ẹnu ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹmùré, àti iye èdè tí ọmọ yóò gbọ́ kí ó tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ohun tí ó tọ́ láti wádìí ni bí ọ̀rọ̀ ìwé náà ti bá ara rẹ̀ mu, àti bí ó ti bá ẹnu ọmọ gúúsù Èkìtì mu.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ Faransé. Ẹ̀dà ti 1998 sọ pé ó wuni kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lè sọ Faransé, kí ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò lè rọrùn. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ó fi kún un pé nítorí náà, Faransé ni yóò jẹ́ èdè ìjọba kejì, dandan sì ni ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níhìn-ín. Láàárín gbólóhùn kan àti èkejì, ohun tí ó wuni ti di ohun tí ó pọn dandan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “nítorí náà”, ni ó sì gbé e kọjá. Kò sí ẹni tí ó sọ iye olùkọ́ tí ó wà nílẹ̀, ibi tí a ó ti rí àwọn tí ó kù, tàbí ẹni tí yóò san owó oṣù wọn. Ìfẹ́ ọkàn wọ aṣọ òfin, ó sì jáde. Kò yani lẹ́nu pé nígbà tí Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999 dé ní ọdún kejì, kò dá orúkọ Faransé rárá. Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Igbo àti Yorùbá ni ó kà gẹ́gẹ́ bí èdè tí a ó máa fi ṣe iṣẹ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀. Ti àwọn mẹ́ta ìkẹyìn sì di ìgbà tí ètò tí ó tó bá ti wà fún un. Èdè ìjọba kejì wà nínú ìwé kan, kò sí nínú ìwé tí ó ga jù ú lọ.

Ìdí tí ìwé náà mú wá tún yẹ fún ìtúpalẹ̀. Aládùúgbò ni ó sọ. Òtítọ́ ni pé orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀, èyí ni Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù, Faransé sì jẹ́ èdè ìjọba ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Niger tó sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2025, tí ó sì dá Faransé padà sí ipò èdè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni aládùúgbò tí ó sún mọ́ ọmọ Yorùbá jù lọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn? Ará Kétu ni, ará Ṣábẹ̀ ni, ará Pọ́bẹ̀ ni. Ìlà tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ni ó pín Kétu kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní ìhà Nàìjíríà. Bí ọmọ Ẹmùré bá pàdé ọmọ Kétu lónìí, èdè tí ìwé ìlànà ní kí wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni Faransé. Èdè tí bàbá ńlá wọn fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì lè fi sọ ọ́ títí di òní, ìwé náà kò rántí rẹ̀ níbi tí ó ti ń wá aládùúgbò. Èyí kò sọ pé Faransé kò wúlò. Ẹni tí ó fẹ́ ṣòwò dé Abidjan tàbí Dakar, ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Àjọ ECOWAS tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, kò lè ṣe aláìní i. Àléébù ibẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé wo máàpù àwọn amúnisìn, kò wo ti àwọn ènìyàn.

Ìpàdé pẹ̀lú èdè àgbáyé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ yìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan, ọba jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń gbé bọ̀. A gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù di òní. Ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. Ògbufọ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn máa ronú nípa rẹ̀ bí ó bá ń wo ilẹ̀kùn yìí. Láàárín apá méjèèjì, ẹnì kan ní láti gbọ́ èdè méjì.

Wàyí o, èdè mélòó ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń gbọ́? Ìwé ìlànà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni, èyí tí ó pè ní èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò. Ẹni tí ó bá kọ́ni ní gúúsù Èkìtì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè tí ọmọ gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ẹ̀ka-èdè Èkìtì, nínú èyí tí ilé ń jẹ́ ulé. Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó wà nínú ìwé kíkà, tí a fi àkọtọ́ ọdún 1974 kọ, ni ó bá ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìjọsìn. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kẹta. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, ó ti ń ka Lárúbáwá ní ilé-kéú kí ó tó mọ ABD, èdè tí aáfà rẹ̀ sì fi ń là á yé e ni Yorùbá. Bí Faransé bá wá dé, kò dé bá orí òfìfo. Ó dé bá ọmọ tí ó ti ń ti inú èdè kan bọ́ sí òmíràn láti ìgbà tí ó ti ń rá.

Ibí yìí gan-an ni ìwé ìlànà ti sọ àǹfààní nù. Ẹ̀dà 2004 ní kí a bẹ̀rẹ̀ Faransé ní kíláàsì kẹrin, ní ọdún kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò èdè ìkọ́ni, tí èdè àdúgbò yóò sì di iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé inú Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń kọ́ ọmọ ní Faransé. Ẹ wo bí ọ̀nà yìí ti gùn tó. Olùkọ́ fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ Faransé náà “bon”, tí ó túmọ̀ sí “dára”. Fáwẹ̀lì àránmúpè ni ó wà ní ìparí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú fáwẹ̀lì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìró tí ó dá dúró. Yorùbá ní i, ọmọ sì ti ń pè é láti kékeré nínú ìbọn àti nínú ọgbọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín e àti ẹ, tí Faransé fi ya “été” sọ́tọ̀ kúrò lára “père”, ni Yorùbá fi ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀. Ìyàtọ̀ o àti ọ wà nínú méjèèjì bákan náà: “eau”, tí í ṣe omi, àti “or”, tí í ṣe wúrà. Olùkọ́ tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àwọn ìró wọ̀nyí dà bí ẹni tí ó ti Ìkẹ́rẹ́ gba Èkó lọ sí Ìsẹ̀.

Ọmọ Èkìtì tilẹ̀ ní ju èyí lọ. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀. Nínú Èkìtì, ọ̀pọ̀ ni. Faransé pẹ̀lú ní ìró náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí àpẹẹrẹ “où” (níbo) àti “oublier” (gbàgbé). Àṣà ẹnu tí olùkọ́ Yorùbá máa ń fi pàṣán lé kúrò ní kíláàsì nítorí pé kò bá ìwé mu, òun gan-an ni olùkọ́ Faransé ń wá kiri. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ni ó rọrùn. Fáwẹ̀lì kan wà tí Faransé ń kọ ní u, tí ètè ń ṣe roboto fún nígbà tí ahọ́n wà ní iwájú ẹnu; Yorùbá kò ní i. P ti Faransé kì í sì í ṣe p ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ ohun tí ọmọ ní ni ó lè mọ ohun tí ó kù fún un.

Bákan náà ni ti arọ́pò-orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe ọba. Faransé ní “tu” àti “vous”, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní o àti ẹ, èyí tí í ṣe ti ọ̀pọ̀ ni a sì fi ń bu ọlá fún àgbà nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ó ti jẹ ìyà nítorí pé ó ń pe àgbà ní “ìwọ” kò nílò àlàyé púpọ̀. Ó tọ́ kí a fi kún un pé ní àwọn ẹ̀ka-èdè ìhà ìlà-oòrùn, ìlò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ le tó ti Ọ̀yọ́, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Èkìtì mìíràn ti ní láti kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ èdè kejì. Ó ti gba ojú ọ̀nà náà kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ìró àti gírámà nìkan ni èyí. Ìwé Fágúnwà tí gbogbo wọn mọ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti wọ èdè àgbáyé méjèèjì. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó pè é ní The Forest of a Thousand Daemons. Ọláoyè Abíóyè túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ní 1989, ó pè é ní Le preux chasseur dans la forêt infestée de démons. Àkọlé nìkan tó fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Nínú Yorùbá, irúnmalẹ̀ kì í ṣe ẹ̀mí burúkú ní dandan. Inú wọn ni a ti rí àwọn òrìṣà. Ṣóyínká mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìlànà àtijọ́, tí kò fi jọ ti èṣù inú Bíbélì. Ṣùgbọ́n ó sọ wọ́n di ẹgbẹ̀rún, Fágúnwà kò sì ka iye kankan nínú àkọlé tirẹ̀. Abíóyè fi ọdẹ sínú àkọlé tirẹ̀. “Preux” tí ó lò fún ògbójú jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn Faransé fi ń yin àwọn akọni inú ìtàn wọn, ó sì bá ògbójú mu dáradára. Àmọ́ “infestée” ni a ń lò fún ibi tí eku tàbí kòkòrò ti kún bò, “démons” sì jẹ́ ti èṣù pátápátá. Igbó tí Fágúnwà fi ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ yí ká ti di igbó tí ó yẹ kí a fín oògùn sí.

Ta ni ó lè rí èyí? Ẹni tí ó gbọ́ Faransé nìkan kò lè rí i, nítorí kò mọ ohun tí irúnmalẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan kò lè rí i. Ọmọ tí ó ní méjèèjì, tí a sì kọ́ láti gbé ọ̀kan lé òmíràn, ni ó lè rí i, òun náà sì ni ó lè túmọ̀ àwọn ìwé tí ó kù lọ́jọ́ iwájú. Ìtumọ̀ kò sí nínú ìdí tí ìwé ìlànà mú wá fún kíkọ́ èdè. Ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ni ó sọ, ìbáṣepọ̀ ni ó sọ, ìpamọ́ àṣà ni ó sọ, bí ẹni pé àṣà jẹ́ ẹran tí a ń yan kí ó má baà bàjẹ́.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà tuntun kan lórí èdè: èdè abínibí ni a ó fi máa kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbogbo ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni ó lò. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè jókòó ní Àkúrẹ́, tí ó fi ẹ̀yìn kan Ìkẹ́rẹ́, wọ́n sì fagi lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìdí tí Mínísítà sọ ni pé àwọn agbègbè tí ó ti lo èdè abínibí ju bí ó ti yẹ lọ ni àwọn ọmọ wọn ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Àríyànjiyàn yìí yẹ kí olùkọ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ìṣirò kékeré. Ọmọ tí ó jókòó fún ìdánwò àṣekágbá ní 2025, tí kò tún kíláàsì kankan ṣe, wọ kíláàsì kìíní ní 2013. Ó parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nígbà tí a fi ọwọ́ sí ìlànà ọdún mẹ́fà ní 2022, kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó wà. Ìlànà náà kò kan án, kò sì lè jẹ́ òun ni ó ba ìdánwò rẹ̀ jẹ́. Bí a bá sọ pé ìlànà ọdún mẹ́ta ti àtijọ́ ni ó ṣe é, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ìlànà yẹn wà fún. Bí a bá sì sọ pé àwọn olùkọ́ kan rú u, ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi hàn pé èdè ni ó fa ìfìdírẹmi, kì í ṣe àìtó olùkọ́, àìsí ìwé tàbí ìṣẹ́ òbí. A kì í gbé ẹjọ́ ró lórí pé nǹkan méjì wà ní ibì kan náà.

Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ tọ́ka sí ibòmíràn. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ lábẹ́ àkóso Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yípadà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Àwọn ti Yorùbá kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tako èyí lè sọ pé ìwé tuntun àti olùkọ́ àkànṣe ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú, tí ó ń kọ́ ọ fún àkókò díẹ̀ lójoojúmọ́, bá lè ṣe ohun tí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n dunjú kò lè fi gbogbo ọjọ́ ṣe, a jẹ́ pé olùkọ́ ni ó yẹ kí ìjọba wá, kì í ṣe wákàtí.

Òbí tí ó wà ní Ẹmùré tí ó ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ rẹ̀ kò ṣìnà. Ó ti rí ẹni tí ó ríṣẹ́ àti ẹni tí kò ríṣẹ́. Bí a bá sọ fún un pé Yorùbá ni kí ọmọ rẹ̀ gbà dípò Gẹ̀ẹ́sì, kò ní gbọ́, kò sì yẹ kí ó gbọ́. Ẹ̀bi ìwé ìlànà ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti to èdè bí ẹni tí ń to ènìyàn sórí àga kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ní láti dìde kí òmíràn tó jókòó. Àṣẹ ti 2025 kò ṣẹ̀dá àṣìṣe yìí. Ó kàn tẹ̀ lé e dé òpin rẹ̀ ni. Bí ọmọ bá kúrò nínú Yorùbá ní ọjọ́ kìíní, olùkọ́ Faransé tí yóò gbà á ní kíláàsì kẹrin kò ní ohun tí yóò gbé “bon” àti “vous” lé mọ́, àfi Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà.

Síbẹ̀, ohun tí àṣẹ náà sọ̀rọ̀ lé ni èdè ìkọ́ni. Kò yọ Yorùbá kúrò nínú àwọn iṣẹ́ tí a ń kọ́, kò sì yọ Faransé. Abúlé Èdè Faransé tí ó ti wà ní Badagry láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ṣì ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fún ìgbà tí wọ́n ì bá ti lò ní òkè òkun. Ní Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga Olùkọ́ni tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ dá sílẹ̀, tí a sọ di yunifásítì ní orúkọ Bámidélé Olúmilúà ní 2020, ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ èdè. Kò sí òfin kan tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ Faransé níbẹ̀ má jọ ka Fágúnwà ti 1989, kí ọ̀kan mú ìwé Yorùbá dání, kí èkejì mú ti Faransé, kí wọ́n sì jọ jiyàn lórí “infestée”.